Ìràwọ̀ Tí Tíṣà Fún Dókítà

Bàbá Ṣúmẹ́kà ò kí ẹnikẹ́ni láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ti ilẹ̀kùn wọlé, ó gba àárín àwọn aláìsàn tó jókòó kọjá, ó sì gbé fóònù rẹ̀ ka orí kántà níwájú mi. Góòmù bàtà ti gbẹ mọ́ ìka rẹ̀.

"Ìyàwó mi dà?" ló bi mí.

Mo wo fóònù, mo wo ojú rẹ̀. Obìnrin tó ti kú, tí èmi fúnra mi bá wọn dé ibi ìsìnkú rẹ̀, ló wá ń béèrè lọ́wọ́ mi yìí. Abiyamọ kan tó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ rọra sún kúrò lórí àga tó sún mọ́ wa.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó ná."

"Mi ò jókòó! Fóònù mi ti bàjẹ́ láti ọjọ́ yìí, ó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń tún un ṣe. Àná ni mo gbà á. Mo jí láàárọ̀ yìí, mo ṣí i, kò sí níbẹ̀. Kò sí ní ilé búrẹ́dì, kò sí ní ilé ìkàwé, kò sí lọ́dọ̀ tiyín níbí. Gbogbo ohun tó kọ láyé rẹ̀, ẹ ti pa á rẹ́. Ẹ bá mi dá a padà."

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Mo di etí kántà mú.

Ẹ jẹ́ n tètè là á fún yín, kí ẹ má baà máa wo èmi àti bàbá yìí bíi wèrè méjì. Àǹtí Kántà ni gbogbo èèyàn ń pè mí. Mo ti pẹ́ nídìí kántà ilé ìwòsàn yìí débi pé àwọn tí ìyá wọn gbé wá sọ́dọ̀ mi nínú oyún ti ń gbé ọmọ tiwọn wá. Èmi ni mò ń gbé fóònù, èmi ni mò ń wá fáìlì, èmi náà ni wọ́n sì fi ojú ewé Dókítà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sí níkàáwọ́, ibi tí àwọn aláìsàn ti ń fún un ní ìràwọ̀, láti orí ẹyọ kan dé orí márùn-ún, tí wọ́n á sì kọ ohun tí ojú wọn rí lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ rere, màá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá kọ ìkọkúkọ, màá kọ́kọ́ dìde lọ mu omi kí n tó dá a lóhùn, nítorí mo mọ ẹnu ara mi.

Tíṣà ni ìyàwó bàbá yìí. Bí gbogbo èèyàn ṣe ń pè é nìyẹn, títí kan ọkọ rẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ ò fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Nígbà tí ọmọ wọn tó ń gbé ọ̀nà jíjìn ra fóònù kan ránṣẹ́ sí wọn, tó ṣí àkáǹtì kan ṣoṣo fáwọn méjèèjì, tó fi orúkọ ìyá rẹ̀ àti àwòrán ìyá rẹ̀ síbẹ̀, Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í máàkì gbogbo ìlú. Ó fún ilé búrẹ́dì ní ìràwọ̀ mẹ́ta: búrẹ́dì wọn dùn, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń tà á kì í wo ojú èèyàn. Ó fún ibùdókọ̀ ní ẹyọ kan. Ó fún ilé ìkàwé ní mẹ́rin. Kódà ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, mẹ́rin náà ló fún un, ó ní ọkùnrin yìí mọ iṣẹ́ bàtà dunjú, àmọ́ tó bá dá ọjọ́ fún yín, ẹ má ṣe wá lọ́jọ́ náà. Bàbá gbé fóònù yẹn kiri fún gbogbo wa kà, ó ń rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Kò sẹ́ni tó gba márùn-ún lọ́wọ́ Tíṣà rí. Ó ní ẹni tó bá ti gba márùn-ún ti jáde ìwé nìyẹn, kó máa lọ sílé.

Dókítà ló ń tọ́jú àìsàn ọkàn tó ń ṣe é. Nígbà kan, Tíṣà kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan sójú ewé wa. Mẹ́rin la rí gbà. Mo sáré kà á, mo rí i pé ó bú àga wa, inú bí mi díẹ̀, mo kọ "Ẹ ṣeun gan-an ni, ìyá wa" sábẹ́ rẹ̀, mo sì kọjú sí iṣẹ́ mi. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ló kú.

Níbí ló kú sí. Bàbá gbé e dé nínú takisí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ètè rẹ̀ ti dúdú. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ṣí ilẹ̀kùn. A ò béèrè orúkọ, a ò ní kó jókòó, yàrá Dókítà la gbé e lọ tààrà. Dókítà tẹ àyà rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ títí òógùn fi ń ro lójú òun fúnra rẹ̀. Kò jí.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni ọ̀rọ̀ tuntun jáde lójú ewé wa. Ìràwọ̀ ẹyọ kan. Mo wo orúkọ tó wà lókè rẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àga: orúkọ Tíṣà ni, àwòrán Tíṣà ni, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Bàbá ló kọ ọ́. Àkáǹtì tí wọ́n jọ ń lò nìkan ló mọ̀, kò mọ̀ pé èèyàn lè ṣí òmíràn. Ó kọ ọ́ pé Dókítà ló pa ìyàwó òun, pé àwọn dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ní kó jókòó kó dúró, ó sì dúró títí ẹ̀mí fi bọ́.

Irọ́! Irọ́ gbuu! Ta ló ní kó jókòó? Ṣebí èmi ni mo ṣílẹ̀kùn! Lọ́jọ́ yẹn, mi ò lọ mu omi kankan. Mo ti tẹ èsì tó gbóná janjan tán, ó kù kí n fi í ránṣẹ́, ni Dókítà yọ lẹ́yìn mi.

"Àǹtí, ẹ pa á rẹ́."

"Dókítà, irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ yín!"

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní irọ́ ni, màá ní láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá mi. Èmi àti aláìsàn mi ló ni ìyẹn. Mi ò ní tìtorí pé wọ́n bú mi kí n wá tú u síta."

Ibi tí iṣẹ́ wọn ti burú nìyẹn. Gbogbo ayé lè bú dókítà ní gbangba, dókítà ò lẹ́nu láti gbèjà ara rẹ̀.

Bàbá ò fi mọ sórí ẹyọ kan. Ó kọ òmíràn, ó tún kọ òmíràn, ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan ni gbogbo wọn. Àwọn èèyàn sì ń kà á. Ta ló máa gbé ọmọ rẹ̀ lọ bá ẹni tí wọ́n ní ó pààyàn? Àwọn àga tí Tíṣà bú ṣófo. Nọ́ọ̀sì wa kejì wáṣẹ́ sí ibòmíràn. Dókítà fúnra rẹ̀ ń rù. Tó bá di ọ̀sán, dípò kó jẹun, á wá jókòó tì mí, á ní kí n ṣí ojú ewé yẹn fún òun, á kà á láti òkè délẹ̀, á dìde, kò ní sọ ohunkóhun. Ó máa ń ṣe mí bíi kí n gbá kọ̀ǹpútà yẹn mọ́lẹ̀.

Àbúrò Dókítà ló wá dá sí i. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, iṣẹ́ tiẹ̀ sì ni pé kó máa tún orúkọ àwọn dókítà àti lọ́yà ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Afọrúkọ ni mò ń pè é, ó sì máa ń jẹ́ ẹ. "Àǹtí, mò ń fọ orúkọ ẹni ẹlẹ́ni, ti ẹ̀gbọ́n mi ń rùn," ló wí. Dókítà ní kó ṣe bó ṣe fẹ́, ó ti rẹ òun. Ohun tí Afọrúkọ sì ṣe ò le rárá. Ó kọ̀wé sí àwọn tó ni ìkànnì tí gbogbo ìlú ti ń fúnni ní ìràwọ̀ pé ẹni tó ni àkáǹtì yìí ti kú, ẹlòmíràn ló ń fi orúkọ rẹ̀ kọ̀wé. Òótọ́ pọ́ńbélé. Àwọn yẹn ò pe ẹnikẹ́ni, wọn ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Wọ́n pa àkáǹtì náà rẹ́ pátápátá. Ojú ewé wa mọ́ tónítóní, àwọn aláìsàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, Dókítà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Kò sẹ́ni tó ronú kàn án nínú gbogbo wa pé bí wọ́n ṣe ń pa ti Bàbá rẹ́, ni wọ́n ń pa ti Tíṣà mọ́ ọn: ti búrẹ́dì, ti ilé ìkàwé, ti ṣọ́ọ̀bù bàtà, àti tiwa.

"Bàbá," mo rọ ohùn mi wálẹ̀, "ṣé ẹ ò rántí ohun tó kọ mọ́ ni?"

Ó wò mí bí ẹni pé òmùgọ̀ ni mí. "Mo mọ ohun tó sọ. Bó ṣe sọ ọ́ ni mò ń wá. Àwòrán rẹ̀ wà nílé, aṣọ rẹ̀ wà nílé, ṣé àwòrán ń sọ̀rọ̀ ni? Àràárọ̀ tí mo bá ti mu tíì tán, màá mú ọ̀kan kà níbẹ̀. Tí mo bá ti ń kà á báyìí, ó dà bíi pé ó wà nínú kíṣìnì tó ń wá ìjà mi. Tiyín ló kọ kẹ́yìn. Ọjọ́ tí nǹkan bá le fún mi jù ni mo máa ń ka tiyín. Tí èmi bá wá fi ẹnu ara mi sọ ọ́, èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe òun mọ́."

Ó yẹ kí n dákẹ́. Ẹnu mi ò gbà. "Bó bá ṣe pàtàkì tó báyẹn, kí ló dé tí ẹ fi ń kọ ìkọkúkọ lé e lórí? Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ fà á?"

Inú ò bí i. Ìyẹn gan-an ló pa mí lára. "Níbo ni kí n kọ ọ́ sí?" ló wí. "Ibẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ pé ó wà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mò ń kọ tèmi sí."

Mo pe Afọrúkọ. Ó dé pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, ó rò pé oúnjẹ la fẹ́ fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé, ẹ̀rín yẹn kú fin. Ó fa àga kan mọ́ra, ó ṣí kọ̀ǹpútà tiẹ̀, ó kọ̀wé sí wọn, ó pè wọ́n, ó bẹ̀ wọ́n, ó fi èdè àwọn oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Bàbá dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò kúrò. Ìdáhùn tó wọlé kúrú: àkáǹtì ẹni tó ti kú, tí wọ́n bá ti pa á rẹ́, wọn kì í tọ́jú ohunkóhun tó wà nínú rẹ̀.

Afọrúkọ dìde, ó nà gbalaja sílẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, lójú gbogbo aláìsàn. "Ẹ forí jì mí, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń gbà là. Mi ò mọ̀. Ọlọ́run gbọ́, mi ò mọ̀."

"Dìde," Bàbá wí. "Ilẹ̀ tutù. Ẹ̀gbọ́n rẹ náà kọ́ ló bí mi nínú."

Mo wá rántí nǹkan kan. Tí ẹnikẹ́ni bá kọ nǹkan sójú ewé wa, ímeèlì máa ń wọlé sọ́dọ̀ mi láti fi tó mi létí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Mo wá a sísàlẹ̀, mo wá a sísàlẹ̀, ojú mi ń ta mí. Ni orúkọ Tíṣà bá yọ.

"Yéè! Mo ti rí i! Bàbá, mo ti rí i!"

Abiyamọ yẹn dìde lórí àga. Bàbá sáré yí wá sẹ́yìn kántà níbi tí àlejò kì í dé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé mo ń gbóòórùn awọ bàtà lára rẹ̀. Mo kà á sókè fún un.

"Ó dá mi lójú pé àwọn àga ilé ìwòsàn yìí ló máa pa mí kí ọkàn mi tó ráyè pa mí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọkọ mi tó ń mú mi wá. Ó máa ń jókòó, á sì máa ṣe bíi pé..."

Ó parí síbẹ̀. Wọn kì í fi gbogbo rẹ̀ sínú ímeèlì. Wọ́n á fi ìbẹ̀rẹ̀ sí i, wọ́n á ní kí o tẹ ibì kan kí o lè ka ìyókù.

"Tẹ̀ ẹ́," Bàbá wí.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú ewé funfun kan ṣí, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun tí ẹ ń wá kò sí mọ́. Mo tún un tẹ̀. Mo tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti mọ̀.

Bàbá ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. "Ó ní àga yín máa pa òun. Tíṣà! Ó ní àga." Ẹ̀rín náà wá dáwọ́ dúró. "Bíi pé kí ni? Mo máa ń ṣe bíi pé kí ni?" Ó di ojú, ètè rẹ̀ ń mì. "Bíi pé mi ò bẹ̀rù. Rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. Bíi pé èmi ni... Bíi pé..." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá kántà. "Mo mọ̀ ọ́n! Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀! Tí fóònù yìí ò bá bàjẹ́ ni, màá ti kà á!"

Ariwo yẹn ló mú Dókítà jáde nínú yàrá rẹ̀. Ó rí Bàbá lẹ́yìn kántà, ó rí àbúrò rẹ̀ tí ojú rẹ̀ pọ́n, ó rí mi. Kò bi wá léèrè. Ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ máa bọ̀ níbí." Èmi àti Afọrúkọ tẹ̀ lé wọn wọlé.

Bàbá wo bẹ́ẹ̀dì yẹn. Kò tíì wọ yàrá náà láti ọjọ́ tí Tíṣà ti kú níbẹ̀. Ó jókòó sórí àga, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Èmi ni mo ṣàlàyé fún Dókítà, mo sì sọ fún Bàbá pé ọ̀sánsán ni Dókítà máa ń ka ojú ewé yẹn. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ, ó ń wo ilẹ̀.

"Dókítà," Bàbá wí, "Àǹtí sọ fún mi pé ẹ máa ń kà á. Pé ọ̀sánsán ni ẹ máa ń kà á. Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ọpọlọ yín pé. Ẹ bá mi rántí rẹ̀. Gbólóhùn kan péré. Ó ní mo máa ń jókòó, mo máa ń ṣe bíi pé kí ni?"

Dókítà gbé ọwọ́ bo ẹnu. Ó ronú, ó ronú. Mo ń gbàdúrà nínú mi, mo ní Ọlọ́run, ẹ jọ̀ọ́, gbólóhùn kan ṣoṣo.

"Mo kà á, Bàbá," ó wí níkẹyìn. "Mo rántí pé mo rẹ́rìn-ín. Mo rántí pé mo pe ìyàwó mi, mo kà á fún un lórí fóònù, inú àwa méjèèjì sì dùn. Ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín gan-an ni mi ò rántí."

"Kò sí kankan?"

"Ẹ máà bínú, Bàbá."

Bàbá mirí. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó ń ha góòmù kúrò lára ìka rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi í, jẹ́jẹ́, "Tèmi ńkọ́? Ẹ rántí tèmi?"

Dókítà kọjú sí fèrèsé.

"Mo ní ṣé ẹ rántí tèmi?"

"Gbogbo rẹ̀ ni mo rántí."

"Ẹ kà á."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi..."

"Ẹ kà á, kí n gbọ́."

Dókítà di ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀. Kò wo ibì kankan, kò kọsẹ̀ rárá. "Ẹ má lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin yìí. Ìyàwó mi fọkàn tán an." Ó mí. "Lónìí mo kó gíláàsì ojú rẹ̀ kúrò lórí tábìlì. Nígbà tó yá, mo tún gbé e padà síbẹ̀. Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o." Ó mí. "Dókítà yìí ló pa ìyàwó mi. A dé ibẹ̀, wọ́n ní kó jókòó kó dúró. Ó jókòó. Ó dúró. Kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ó dúró títí kò fi lè dúró mọ́."

Afọrúkọ ti kọjú sí ògiri. Èmi ń sunkún, mi ò sì fi bò. Gbogbo ọ̀sán wọ̀nyẹn tí ọkùnrin yìí jókòó tì mí, ṣe ló ń há ìyà ara rẹ̀ sórí, tí ọ̀rọ̀ dídùn sì ń kọjá lára rẹ̀ bí omi.

"Ẹ tún èyí tó kẹ́yìn yẹn kà," Bàbá wí.

Dókítà tún un kà.

"Irọ́ ni," Bàbá wí.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kí ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo ti máa ń fojú inú rí i pé ọjọ́ tó bá sọ ọ́, màá ní kó tún un sọ kí gbogbo ayé gbọ́. Nígbà tó wá sọ ọ́, ṣe ni mo fẹ́ kó dákẹ́.

"Kò sẹ́ni tó ní kó jókòó níbí. Àǹtí yìí ló ṣílẹ̀kùn fún wa, mo rí i. Ilé ló ti jókòó. Ó jí, ó ní àyà ń fún òun. Mo sì ní bàtà kan lọ́wọ́ tí ẹni tó ni ín ń bọ̀ wá gbà láàárọ̀ yẹn. Ẹ mọ̀ pé ó ti kọ ọ́ fún gbogbo ayé pé òpùrọ́ ọjọ́ ni mí. Mo ní Tíṣà, fún mi láyè díẹ̀, èyí máa jáde lọ́jọ́ tí mo dá. Ó ní kò burú. Ó gbé àpótí, ó jókòó tì mí, ó ń wò mí bí mo ṣe ń lẹ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà náà. Ó ní, 'Ẹ ò wá rí nǹkan. Ẹ máa gba márùn-ún lónìí.' Ni inú mi bá dùn. Mo wá fara balẹ̀, mo fi hámà lù ú yíká, mo kùn ún, mo nù ún kó dán. Kí n gbé e sókè fún un báyìí, ló fara ti ògiri."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ha góòmù lára ìka rẹ̀.

"Kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu," ó wí. "Ìyẹn kì í ṣe irọ́."

Dókítà kúrò lórí àga rẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ síwájú bàbá náà, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Bàbá, ká tiẹ̀ ní ẹ tètè gbé e wá, mi ò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé..."

"Ẹ má sọ ọ́." Ó gba ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe tìbínú-tìbínú. "Ẹ jọ̀wọ́. Ẹ̀yin náà ti fara gbà á fún mi tó."

Mo jáde lọ tẹ ímeèlì yẹn sórí bébà fún un. Nígbà tí mo gbé e fún un, ó kà á, ètè rẹ̀ ń gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, títí dé ibi tó já sí. Ó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó wá ká bébà náà sí àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀, ó gbé fóònù rẹ̀ lórí kántà, ó kí mi pé ó dàbọ̀. Mo bá a dé ẹnu ọ̀nà. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó kọrí sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Afọrúkọ kó kọ̀ǹpútà rẹ̀ sínú báàgì, kò kí ẹnikẹ́ni lọ. Ilẹ̀kùn Dókítà ṣì ṣí sílẹ̀, kò sì tíì pe ẹni tó kàn.

Ni fóònù dún. Obìnrin kan ni, ohùn rẹ̀ tutù, ó dàbí ọmọlúàbí. Ó ní òun ń wá dókítà tó máa tọ́jú ìyá òun, ọ̀rọ̀ ọkàn ni, òun sì ti ka gbogbo ohun tí àwọn èèyàn kọ nípa tiwa láti òkè délẹ̀, òun ò rí ẹyọ kan tó burú.

"Ṣé lóòótọ́ ni, mà," ó bi mí, "pé kò sẹ́ni tó bínú sí dókítà yín rí?"

Láti ibi tí mo jókòó sí, mo ń wo Dókítà. Ó ti lọ jókòó sórí àga tí Bàbá dìde kúrò, ó gbé orí sórí ọwọ́.

"Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ mú màmá wá?" ni mo wí.